Àwọn Onílé Ayọ̀bọ̀ Dìbò Lórí Omi

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló le nínú fọ́ọ̀mù tí Hamdalah fún àwọn onílé náà kọ. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀ lè fojú dá a. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè purọ́, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹfà ní: "Ṣé ẹ ti wa ọkọ̀ rọ́bà rí lórí omi tó ń sáré láàrin àpáta?" Àpótí méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀ tí èèyàn lè fàmì sí. Ọ̀kan ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀." Èkejì ní, "Mo nírìírí."

Hamdalah jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkọ̀tún, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tapólì. Ó to fọ́ọ̀mù márùn-ún síwájú ara rẹ̀, ó kà wọ́n, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà wọ́n. Mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún ló nírìírí.

Alhaji Ràímì, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kan ní Ayọ̀bọ̀, kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé òun wọ ọkọ̀ ojú omi láti CMS lọ sí Apápá lọ́dún 1987, lórí ìdúró, nítorí kò sí àyè ìjókòó. Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé, akọ̀wé ẹgbẹ́, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kọ ọ́ pé òun fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì, kò sì sí ohun tí odò lè ṣe tí òun kò tíì yà sójú bọ́ọ̀dù rí. Alhaja Sìdíkátù, tó ń ta ọ̀dà ní Dopemu, ní láti ọdún 2003 ni òun ti ń la àgbàrá òpópónà wọn kọjá pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Kí ni odò tún fẹ́ fi han òun? Bàbá Abraham, alàgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun, kò ṣàlàyé kankan. Ẹsẹ Bíbélì kan ló kọ síbẹ̀, nípa ẹni tó rìn lórí omi.

Yésúfù nìkan ló fàmì sí "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀." Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọdún tó kọjá ló kó wọ ilé rẹ̀, wọn ò tíì rẹ́ ẹ̀yìn ilé náà tán, ẹni tó bá sì kọ́lé gbẹ̀yìn ládùúgbò kò gbọdọ̀ nírìírí ohunkóhun.

Hamdalah gbé fóònù.

"Alhaji, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìbéèrè kẹfà yẹn ni mo ní kí n—"

"Mo ti dáhùn rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Apápá yẹn, ẹ̀yin kọ́ lẹ wa á."

"Ta ló sọ fún ọ? Ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

"Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn, sà."

"Ẹn-ẹ́n! Ẹni tí wọn ò tíì bí ló wá ń bá mi jiyàn lórí ohun tó ṣojú mi. Yésúfù ńkọ́? Kí ló kọ?"

"Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀."

"Ó mọ ara rẹ̀," ni Alhaji wí, ó sì pa fóònù.

Ká ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán ni, Hamdalah ì bá rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ iṣẹ́ fífi ọkọ̀ rọ́bà mú èèyàn ṣeré lórí omi yìí lórí odò Náílì ní Uganda, kó tó padà wálé wá wá odò tó jọ ọ́. Lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn lọ́hùn-ún ló ti rí i, odò Olókùúta, tó pín sí méjì yí àpáta ńlá kan ká. Àwọn ará abúlé ń pe apá òsì ní Pẹ̀lẹ́: ibẹ̀ ni omi ti ń rọra lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ gbà. Wọ́n ń pe apá ọ̀tún ní Wàdùwàdù. Níbẹ̀, omi ń já láti orí òkúta dé orí òkúta, ó ń hó bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ẹni tó bá nírìírí nìkan ni wọ́n ń mú gba ibẹ̀.

Oṣù tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan fàmì sí "Mo nírìírí" nítorí pé ó máa ń lúwẹ̀ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Wàdùwàdù gbọn ọ́n dànù bí ẹní gbọn iyanrìn kúrò lára ẹní, àwọn ọmọkùnrin abúlé sì fi bẹ́líìtì rẹ̀ fà á yọ. Kò farapa. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Hamdalah.

"Ọmọ mi," Baálẹ̀ ní, "mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn ọmọ mi bá tún fa èèyàn kan yọ nínú omi yìí, ọjọ́ náà ni kí o ká rọ́bà rẹ, kí o máa gbé e lọ sí Èkó. A ò bí wọn kí wọ́n máa fi ẹ̀mí ara wọn wá ẹ̀mí àlejò."

Kò sí odò mìíràn. Hamdalah ti wá a. Bí ẹnìkan bá kó sómi lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn onílé ń bọ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta parí nìyẹn.

*

Ní ìdájí Sátidé, bọ́ọ̀sì kósítà tí Hamdalah háyà dúró ní ibùdókọ̀ Command fún odidi wákàtí kan. Ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn pé. Ìjókòó ni wọn ò tíì rí tò. Ọdún tí kálukú ra ilẹ̀ ni wọ́n fi ń jókòó. Alhaji Ràímì ra ilẹ̀ lọ́dún 1996, nígbà tí Ayọ̀bọ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́, nítorí náà òun ló ni iwájú. Báyọ̀dé ní 1999 ni òun san owó àṣansílẹ̀ tòun, ṣùgbọ́n 1995 ni òun ti wá wo ilẹ̀ náà.

"Wíwò kì í ṣe rírà," ni Alhaji dáhùn. "Bí wíwò bá jẹ́ rírà, gbogbo Bánánà Island ni tèmi."

Yésúfù lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, láàrin àwọn àjẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi wa ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó má lọ.

Nígbà tí wọ́n dé etí odò, Zikrullah ń dúró dè wọ́n. Òun ni Hamdalah kọ́ níṣẹ́ atọ́kọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó mọ omi yìí bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: wọ́n tọ́ ọ dáadáa. Bó ṣe rí àwọn àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè iṣẹ́. Hamdalah ń wo aago.

Wọ́n pín jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbéni léfòó àti akoto fún wọn. Alhaji kò ní ṣí fìlà. Ó dé akoto lé e lórí. Bàbá Abraham wọ sùtánà funfun wá, nítorí náà kò lè wọ bàtà. Alhaja Sìdíkátù ní jákẹ́ẹ̀tì òun kò bá ìborùn òun mu, ṣé kò sí aláwọ̀ òféèfèé?

"Àṣẹ mẹ́rin péré ló wà," Hamdalah ṣàlàyé. "Bí Zikrullah bá ní 'Ẹ wa á,' ẹ wa á síwájú. 'Ẹ wa sẹ́yìn,' ẹ wa á sẹ́yìn. 'Ẹ dúró,' ẹ yọ àjẹ̀ lómi. 'Ẹ tẹ̀ba,' ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ di okùn mú. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni o. Omi ò mọ ìkíni."

Alhaji gbé ọwọ́ sókè. "Ta ni yóò máa pa àṣẹ yìí?"

"Zikrullah ni, sà."

"Èyí tó dọ̀bálẹ̀ kí mi lẹ́ẹ̀kan?"

"Òun ni, sà."

Alhaji wo Zikrullah bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ̀. "Nínú ẹgbẹ́ tiwa," ó ní, "àbá la máa ń dá. Kó máa dá àbá."

Hamdalah mí kanlẹ̀. Ọkọ̀ rọ́bà méjì wà létí omi. Bó bá jẹ́ bí ìwé ṣe wí ni òun máa ṣe é, mẹ́rin yóò wọ ọkọ̀ tí òun fúnra òun ń tọ́ gba Wàdùwàdù, àwọn ọmọ Baálẹ̀ yóò sì máa fi bẹ́líìtì fà wọ́n yọ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ti ro oríṣiríṣi ẹ̀bẹ̀ lójú ọ̀nà, kò rí èyí tí yóò tà. Ó bá ṣe ohun tí ìwé wí.

"Ẹ̀yin mẹ́rin tẹ́ ẹ nírìírí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ara yín pọ̀ díẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí. Ọ̀gbẹ́ni Yésúfù, ọkọ̀ kejì ni tiyín."

"Èmi nìkan?" Yésúfù béèrè.

"Ẹ̀yin nìkan, sà. Zikrullah á wa yín. Ẹ jókòó síbi tó bá wù yín."

Yésúfù wọlé, ó na ẹsẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kàn. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé etí ọkọ̀. Kò gbèrò ibi. Ara rẹ̀ ló kàn rọ̀ ọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin láàrin àwọn àjẹ̀.

Alhaja Sìdíkátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbà mí o. Ẹni tó dé lánàá ló dá ọkọ̀ wọ̀ yìí?"

"Bí Gómìnà," ni Bàbá Abraham wí.

"Odidi ọkọ̀!" ni Báyọ̀dé wí. "Pẹ̀lú awakọ̀! Ilé tí wọn ò tíì rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀!"

Alhaji Ràímì kò bá wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó rìn wọ omi, ó gun ọkọ̀ Yésúfù. Àwọn tó kù tẹ̀lé e. Hamdalah wo ọkọ̀ rẹ̀ tó ṣófo, ó wo ọ̀run, ó dúpẹ́. Gbogbo wọn ti di ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n.

Ayọ̀ náà kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yìn ọkọ̀, lápá ọ̀tún, ni atọ́kọ̀ ti ń darí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Alhaji jókòó sí, ó sì ti gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ẹni tó bá ní mọ́tò tó sì ní dírẹ́bà ní Èkó mọ ibẹ̀: ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ́nàsì kọ́nà. Láti ìgbà tí Alhaji ti ra Kámúrì, kò tíì jókòó síbòmíì rí.

Zikrullah dúró sínú omi, àjẹ̀ lọ́wọ́.

"Alhaji," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, sà..."

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, sà."

Hamdalah fi ojú sọ fún un pé kó sọ ọ́. Zikrullah fi ojú dáhùn pé kí òun kúkú rì. Ta ni yóò sọ fún alága ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin pé kó dìde ní ìjókòó rẹ̀?

Ọkọ̀ rọ́bà kò ní orí, kò ní ìdí. Bákan náà ni iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Hamdalah rìn wọ omi, ó di okùn etí ọkọ̀ mú, ó sì rọra yí gbogbo rẹ̀ padà, tòun ti onílé márùn-ún. Ẹ̀yìn di iwájú. Zikrullah gun apá kejì, ó jókòó, ọkọ̀ gbéra. Ó ṣe díẹ̀ kí Alhaji tó kíyè sí i pé òun ni odò ń kọ́kọ́ rí.

"Èéṣe tí omi fi ń ta sí mi lójú?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣíwájú, sà," Zikrullah dáhùn. Òótọ́ ni. Alhaji rò ó wò, ó sì rí i pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

*

Hamdalah gun ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́nìkan, ó wa á lọ síwájú, ó dúró sẹ́nu Pẹ̀lẹ́ láti dè wọ́n. Láti ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ohùn Zikrullah.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọ̀gá Akọ̀wé, sà. Alhaja wa. Bàbá wa nínú Olúwa. Ẹ̀gbọ́n Yésúfù. Bí kò bá ní bí yín nínú, ẹ bá wa wa á díẹ̀."

Kó tó pe orúkọ dé ti Yésúfù, ọkọ̀ ti fara gbá òkúta kan, ó ti yí po, ó ti ń bá ẹ̀yìn lọ. Omi ṣì ń rọra lọ níbẹ̀, kò sí ewu; Zikrullah nìkan ló wa á tó fi kọjú síwájú padà. Alhaja Sìdíkátù béèrè ìdí tí wọ́n fi ń dárúkọ Akọ̀wé ṣáájú òun, nígbà tó jẹ́ pé òun lòun kọ́kọ́ fa iná wọ ilé.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ibi tí odò ti pín sí méjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà," Zikrullah ní, "ẹ jẹ́ ká tètè wa á sí òsì."

"Òsì?" Alhaji yí padà. Ó kọ ẹ̀yìn sí odò, ó kọjú sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, bí alága ṣe gbọ́dọ̀ ṣe. "Ṣé ọwọ́ òsì lẹ fi ń jẹun nílé yín ni? Ọ̀tún la fi ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan."

"Alága, ẹ jẹ́ ká ṣe é létòlétò," ni Báyọ̀dé wí. "Mo dábàá pé ká gba òsì."

"Mo kín in lẹ́yìn," ni Alhaja Sìdíkátù wí. "Omi apá ọ̀tún yẹn ń kùn. Kò sọ̀rọ̀ ire."

"Èmi ò fara mọ́ ọn," ni Bàbá Abraham wí. "Apá ọ̀tún ni Olúwa to àwọn àgùntàn sí. Àwọn ewúrẹ́ ló wà lósì."

"Bàbá Abraham, ta lẹ ń pè ní ewúrẹ́?"

"Ìwé Mímọ́ ló pè é, èmi kọ́."

"Ó tó!" ni Alhaji wí. "Àwọn tó bá fẹ́ òsì, ẹ nawọ́ sókè."

Hamdalah rí ọwọ́ mẹ́ta tó gòkè láti inú ọkọ̀. Ó rò pé òun ni wọ́n ń kí. Ó juwọ́ padà sí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìgbà tó rí Alhaji tó ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ètè rẹ̀ ń mì, ló tó yé e pé wọ́n ń kà á.

"Ẹ̀yin èèyàn!" ó pariwo. "Ẹ wa á!"

"Méjì," ni Alhaji kà.

"Mẹ́ta ni, Alága," ni Báyọ̀dé wí.

"Yésúfù ò tíì pé ọdún kan. Kò ní ìbò."

"Ó ku oṣù kan péré! Ẹ wo òfin ẹgbẹ́, ojú ewé keje."

"Ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà ló wà lójú ewé keje. Kò dárúkọ odò."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Zikrullah ń bẹ̀ lẹ́yìn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run—"

"Ọmọkùnrin, ìpàdé ń lọ lọ́wọ́!"

Àjẹ̀ márùn-ún ló wà lórí itan, kò sí ẹyọ kan nínú omi. Odò Olókùúta, tí kò tíì ra ilẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀, dìbò tirẹ̀. Ó gbé wọn sí ọ̀tún.

Hamdalah fo sílẹ̀, ó gun àpáta ńlá tó wà láàrin, ó ń sáré lórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó tutù, ó ń pe Ọlọ́run, ó sì ń ṣépè fún Jọ́gíráfì. Ó rí i tí ọkọ̀ náà gbé orí sókè bí ẹṣin tó rí ejò. Ó rí fìlà Alhaji, tòun ti akoto, tí wọ́n yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rí sùtánà Bàbá Abraham tó fẹ́ bí agboòrùn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn kan tí kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ Zikrullah níṣẹ́.

"RÀÍMÌ! KỌJÚ SÍWÁJÚ! WA Á!"

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pe Alhaji ní Ràímì lásán. Ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn ni àfáà tó kọ́ ọ ní kéwú, pàṣán sì wà lọ́wọ́ àfáà. Ọwọ́ Alhaji gbọ́ àṣẹ kí orí rẹ̀ tó ronú. Ó kọjú síwájú. Ó wa á.

"Báyọ̀dé, pa ẹnu dé, wa sẹ́yìn! Sìdíkátù, tẹ̀ba! Tẹ̀ba, mo ní! Abraham, fi àdúrà sílẹ̀, di okùn mú! Yésúfù, wa á, wa á, wa á!"

Wọ́n wa á. Wọ́n tẹ̀ba. Omi ń gorí wọn, ó ń sọ̀, wọ́n já láti orí òkúta àkọ́kọ́, wọ́n já láti orí èkejì. Wọ́n gbọ́ràn bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní lọ́jọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé bá mú pàṣán dání. Lórí òkúta kẹta, ọkọ̀ dúró ṣánṣán fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ronú, ó sì bọ́ sínú adágún tó dákẹ́ rọ́rọ́ nísàlẹ̀, tòun tèèyàn mẹ́fà, láì ku ẹyọ kan.

*

Baálẹ̀ jókòó sórí àga onírọ́bà létí adágún, àwọn ọmọkùnrin abúlé dúró yí i ká pẹ̀lú okùn. Ó ka orí àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Ó tún un kà.

"Kò sẹ́ni tó kó sómi?"

"Kò sí, Baálẹ̀," ni Hamdalah wí. Èémí kò tíì délẹ̀ nínú rẹ̀.

"Wàdùwàdù lẹ gbà wá, ẹ̀yin àgbà? Ẹ mà káre o!"

"A fohùn ṣọ̀kan lé e lórí ni," Alhaji dáhùn.

"A ò tíì ka ìbò tán," ni Báyọ̀dé wí, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Hamdalah fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sílẹ̀. Ó ti ń ro oúnjẹ. Ní kété náà ni Alhaji fún omi kúrò létí agbádá rẹ̀, tó gòkè lọ sórí òkúta pẹrẹsẹ kan tó yọ jáde sórí omi, tó sì yíjú padà.

"Ọ̀rọ̀ kan kù. Ta ló pè mí ní Ràímì?"

Zikrullah wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Alhaji," ni Hamdalah wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí yín ló ń—"

"Mi ò bá ẹ̀mí wí. Orúkọ ni mo ń sọ. Níwájú Alhaja. Níwájú Yésúfù! Ẹni tí ọjọ́ orí mi tó ìlọ́po méjì tirẹ̀!"

"Ó pè mí ní Abraham," ni Bàbá Abraham wí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí.

"Èmi, ó ní kí n pa ẹnu dé," ni Báyọ̀dé wí. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n níwájú kíláàsì!"

"Ó kúkú gbà wá là," ni Alhaja Sìdíkátù wí.

"Ẹ dákẹ́ níbẹ̀, Alhaja, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn la ń sọ ni?"

Baálẹ̀ yí ojú sí Zikrullah. "Ọmọ mi, àgbà ni wọ́n. Tọrọ àforíjì."

Zikrullah kò dúró kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ ni orúnkún rẹ̀ ti ń wá ilẹ̀. Ó gun òkúta náà, ó dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta náà kò gùn, orí Zikrullah sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ Alhaji. Ìdọ̀bálẹ̀ ńlá kò gbọdọ̀ ká kò bẹ́ẹ̀. Alhaji rọra sún sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan kí ọmọ náà lè na ara tó. Ó tún sún kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta kò bá ilẹ̀.

Omi fò sókè. Zikrullah gbé orí, kò rí ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mọ́.

"Ẹ fà á yọ!" ni Baálẹ̀ pariwo. Àwọn ọmọkùnrin ti ń ṣí okùn. Hamdalah sáré dé etí omi. Ó ń wo okùn náà, ó ń wo ọdún mẹ́ta rẹ̀ tó ń ká lọ pẹ̀lú rọ́bà.

Omi adágún kò ju àyà lọ níbẹ̀. Alhaji dìde dúró nínú rẹ̀. Akoto ti lọ, fìlà ti lọ. Ó rí ojú gbogbo wọn lókè: ojú Baálẹ̀, ojú Báyọ̀dé, tó wo ilẹ̀ lọ́dún 1995, àti ojú Yésúfù, tó ti na ọwọ́ sí i.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí!" ó pariwo. "Ta ló ní kẹ́ ẹ fa èèyàn?"

"Ẹ ṣubú, sà," ni Yésúfù wí.

"Ta ló ṣubú? Mo fẹ́ wẹ̀ ni."

Gbogbo wọn wò ó.

"Pẹ̀lú aago?" Baálẹ̀ béèrè.

Alhaji bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó nà án sí Zikrullah, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ra apá. "Ooru ló mú mi. Ṣé èèyàn ò lè wẹ̀ mọ́? Mo fàmì sí i nínú fọ́ọ̀mù pé mo nírìírí!"

Hamdalah bọ́ sáàrin Baálẹ̀ àti àwọn ọmọ tó mú okùn. "Baálẹ̀, ẹni tó bá ń wẹ̀, ṣé ó ṣubú?"

Baálẹ̀ ronú sí i. Ọkùnrin tó ti dájọ́ ààlà oko fún ọdún mẹ́rìnlélógún ni, kì í kánjú. "Ẹni tó ń wẹ̀ ń wẹ̀ ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ mi bá fi lè fà á yọ, mi ò mọ èyí tí wọ́n ń pè ní ìwẹ̀ mọ́ o."

"Kò sẹ́ni tó máa fà á."

"Á gòkè fúnra rẹ̀?"

"Á gòkè fúnra rẹ̀."

Òkúta náà ń yọ̀, ó sì ga. Alhaji ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó kàn fẹ́ fi ọwọ́ ti òkúta wò bóyá ó le. Ó ti padà sómi. Ètè rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

"Ẹ bá mi wá ọṣẹ," ó ní.

Hamdalah lọ sínú bọ́ọ̀sì, tó ti wá dè wọ́n nísàlẹ̀ odò. Ó tú báàgì rẹ̀, ó rí ọṣẹ, ó rí kàn-ìn-kàn-ìn. Bó ṣe ń padà bọ̀, ó rí Yésúfù tó tún ti kúnlẹ̀ sétí omi, ọwọ́ rẹ̀ ní nínà. Ó di kọ́là aṣọ rẹ̀ mú, ó fà á dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín. Ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ẹ ṣe mí lóore, ẹ fi í sílẹ̀."

Ó na ọṣẹ sí Alhaji. Alhaji gbà á, wọ́n sì wo ara wọn lójú díẹ̀. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Ní Hamdalah bá yíjú padà, ó patẹ́wọ́, ó lo ohùn tí Zikrullah lò nínú Wàdùwàdù.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbàlagbà ń wẹ̀! Kí lẹ ń wò? Ẹ kọ ẹ̀yìn síbẹ̀, jàre! Gbogbo yín! Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà."

Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí omi: àwọn onílé mẹ́rin, Zikrullah, àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú okùn wọn. Baálẹ̀ gbé àga rẹ̀, ó yí i padà sí ojú igbó, ó jókòó. Ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀.

Wọ́n gbọ́ omi tó ń ṣàn. Wọ́n gbọ́ èékánná lórí òkúta, wọ́n gbọ́ ohun kan tó yọ̀ padà sómi gbàmù, wọ́n gbọ́ "Bísímílà" láti àárín eyín. Wọ́n tún gbọ́ èékánná. Orúnkún kan gúnlẹ̀. Orúnkún kejì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan ń rá bọ̀ lórí òkúta, ó ń mí bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì.

"Alhaji, ó ti tán?" Baálẹ̀ béèrè láì bojú wẹ̀yìn.

"Ó ku ẹsẹ̀," ni Alhaji dáhùn. "Ẹ má tíì wò ó."